Bí ọmọ bá ka ìwé nípa ẹni tó ta ko àṣà, ṣé àfojúdi ló ń kọ́?

Olùkọ́ kan kọ̀wé láti Òṣogbo, ó ní: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Èdè Yorùbá ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Mo fẹ́ dá ẹgbẹ́ ìwé kíkà sílẹ̀ fún ogún ọmọ SS2, kí a máa pàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ìwé tí mo fẹ́ kí a kà ni èyí tó dá lórí ẹni tó ta ko àṣà, tàbí tó kọ ohun tí gbogbo ìlú gbà. Nígbà tí mo sọ ọ́ níbi ìpàdé àwọn òbí, bàbá kan dìde, ó ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló ń sọ ọmọ di aláfojúdi, pé òyìnbó ló kó o wá. Àwọn òbí mìíràn pàtẹ́wọ́ fún un. Ṣé òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀? Ìwé wo ni kí n mú, mélòó, báwo ni kí n sì ṣe é tí kò fi ní di wàhálà?"

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, olùkọ́ wa. Ẹ má ka bàbá yẹn sí ọ̀tá. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé ọmọ òun yóò ka ìtàn ẹni tó kọ̀ fún ọba lọ́jọ́bọ̀, tó bá di Sátidé, yóò kọ̀ láti gbálẹ̀. Ẹ̀rù yẹn ní ìdí. Ọ̀nà kan wà téèyàn lè gbà kọ́ni ní irú ìwé yìí tó jẹ́ pé gbogbo ohun tí ọmọ yóò mú níbẹ̀ kò ju pé ẹni tó kọ̀ gbọ́n, ẹni tó gbà gọ̀. Ibi tí bàbá náà ti ṣì í ni pé ó di ẹ̀bi náà lé ìwé lórí. Ìwé tó dáa lórí ọ̀rọ̀ yìí kì í sọ pé kíkọ̀ dùn. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ẹni tó kọ̀ ló kú, tàbí tí orí rẹ̀ dàrú, tàbí tí ilé rẹ̀ dahoro. Ìwé ń jẹ́ ká rí iye tí kíkọ̀ máa ń náni. Ó sì ń jẹ́ ká rí iye tí gbígbà náà ń náni, èyí tí kì í sábà sí ẹni tó ń ṣírò rẹ̀.

Ní ti pé òyìnbó ló kó o wá, ìtàn kò gbè é lẹ́yìn. Ní 1929, ìwé ìròyìn Akéde Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lẹ́tà obìnrin kan jáde, ó pe ara rẹ̀ ní Ṣẹ̀gilọlá, ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́. Àìsàn ti dá a gúnlẹ̀, ó wá ń ro ìgbésí ayé rẹ̀ fún gbogbo Èkó gbọ́: àwọn ọkùnrin tó bá lò, irọ́ tó pa, owó tó gbà, àbámọ̀ tó kù sí i lọ́wọ́. Àwọn òǹkàwé gbà pé èèyàn gidi ni, àwọn kan tiẹ̀ fi owó ránṣẹ́ sí i. I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà, ló ń kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n kó lẹ́tà wọ̀nyẹn jọ di ìwé ní 1930, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì kà á sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Obìnrin tó tàpá sí ohun gbogbo tí wọ́n ní kí obìnrin ṣe ni ìtàn àròsọ wa fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Yorùbá ló kọ ọ́, ọmọ Yorùbá ló ń dúró de èyí tó kàn. Mi ò ní kí ẹ fún ọmọ SS2 ní ìwé yẹn o. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ju ọjọ́ orí wọn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ lè fi dá bàbá náà lóhùn, ẹ sì lè fi kún un pé Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ Réré Rún ní 1973, níbi tí olórí òṣìṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Láwúwo ti kọ̀ láti tẹrí ba fún àwọn aláṣẹ ìlú, àti pé Adébáyọ̀ Fálétí ti kọ Ọmọ Olókùn Ẹṣin ní 1969 nípa àwọn tó gbà pé àwọn kò ní sin Olúmokò mọ́. Ọ̀rọ̀ ilé wa ni.

Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ yìí rú jù lọ ni pé nǹkan mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la máa ń pè ní àṣà. Èèwọ̀ wà, tí a gbà pé ó ní ohun tí yóò ṣe ẹni tó bá jẹ ẹ́, yálà ẹnikẹ́ni rí i tàbí kò rí i. Òfin wà, tí a mọ ẹni tó ṣe é, tí ẹlòmíràn tó ní àṣẹ bíi tirẹ̀ sì lè yí i padà. Ìṣe àtayébáyé wà, tí kò sí ẹni tó mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tó kàn wọ́pọ̀ lásìkò kan náà wà, tó lè má tíì pé ogún ọdún, síbẹ̀ tí wọn yóò ní ayé bàbá wa ló ti wà. Bí a kò bá ya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ́tọ̀ kí a tó ṣí ìwé, àríyànjiyàn tí yóò tẹ̀ lé e kò ní lórí, kò ní ní ìdí. Torí náà, ohun tí mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ẹgbẹ́ yín dúró lé ni èyí: kí a tó pe ẹnikẹ́ni ní ẹni tó ta ko àṣà, ká kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ orí àṣà náà, ẹni tó gbé e kalẹ̀, ohun tó wà fún, àti ẹni tó san gbèsè nígbà tí wọ́n rú u.

Ẹ jẹ́ ká gbé Kúrunmí, olórí ogun tó ń ṣàkóso ìlú Ìjàyè, wò, nítorí òun ni mo fẹ́ kí ẹ fi ṣe igi lẹ́yìn ọgbà yín. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, bí Aláàfin bá wàjà, Àrẹ̀mọ rẹ̀, ìyẹn àkọ́bí ọmọkùnrin rẹ̀, ń bá a kú ni. Ìdí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yé ẹni tó bá rò ó jinlẹ̀: Àrẹ̀mọ ń bá bàbá rẹ̀ lo agbára, ó ń jẹ nínú ọlá ààfin, bó bá sì jẹ́ pé ikú bàbá ni yóò sọ ọ́ di ọba, ìdẹwò ńlá ni. Òfin yẹn ló fi ẹ̀mí ọba sí abẹ́ ààbò ọmọ rẹ̀. Aláàfin Àtìbà wá fẹ́ kí Àrẹ̀mọ rẹ̀, Adélù, yè, kó sì jọba. Ó wá ìfọwọ́sí àwọn olórí ogun kí ọjọ́ tó dé. Ìbàdàn gbà. Kúrunmí kọ̀. Nígbà tí Àtìbà wàjà ní 1859 tí Adélù sì gun orí ìtẹ́, Kúrunmí ní òun kò ní forí balẹ̀ fún un, ọ̀rọ̀ náà sì di Ogun Ìjàyè ní 1860. Kúrunmí kú ní 1861 nígbà tí ogun ṣì ń jà, Ìjàyè fọ́ ní 1862. Ọlá Rótìmí fi ìtàn yìí ṣe eré onítàn lédè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1971 pẹ̀lú orúkọ Kúrunmí gan-an.

Ẹ wá bi àwọn ọmọ pé: ta ló ta ko àṣà níbẹ̀? Ọ̀pọ̀ yóò yára dáhùn pé Kúrunmí ni, torí òun ló dá dúró lòdì sí gbogbo èèyàn. Àmọ́ Kúrunmí ló di àṣà mú. Aláàfin, tó yẹ kó jẹ́ alágbàtọ́ àṣà, ló yí i padà. Ẹni tó dúró lórí àṣà ló wá di ọlọ̀tẹ̀, nítorí pé ayé ti gba ibòmíràn lọ. Ọ̀rọ̀ náà tún ní ìkọ̀kọ̀: Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, The History of the Yorubas, pé Kúrunmí yìí kan náà ló gba ìsìn àwọn òrìṣà ńlá Ìjàyè sí ọwọ́ ara rẹ̀, tó sọ ara rẹ̀ di àwòrò gbogbo wọn. Ìyẹn pàápàá kò bá àṣà mu. Ṣé àṣà ló ń jà fún, àbí agbára? Ẹ má dáhùn fún wọn. Nínú eré náà, ọmọkùnrin rẹ̀ márùn-ún ni ogun yẹn gbé lọ. Kò sí ọmọ tó máa ka ibi tí bàbá ti gbọ́ ìròyìn yẹn tí yóò jáde wá pẹ̀lú èrò pé kíkọ̀ jẹ́ eré ọwọ́. Kò sì sí èyí tí yóò lè sọ pé Kúrunmí kàn jẹ́ arúgbó olórí kunkun lásán.

Ẹfúnṣetán Aníwúrà ni ìwé kejì, ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1970. Bóyá ẹ ti kọ́ ọ rí gẹ́gẹ́ bí ìwé ìdánwò. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ gbàgbé gbogbo àlàyé inú ìwé ìrànwọ́ tí wọ́n ń tà lójú pópó. Nínú eré yìí, Ìyálóde Ìbàdàn pàdánù ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo lórí ìkúnlẹ̀, ó wá pàṣẹ pé ẹrú òun kankan kò gbọdọ̀ lóyún, ẹrúkùnrin kankan kò sì gbọdọ̀ fún obìnrin lóyún. Adétutù lóyún fún Ìtáwuyì, Ìyálóde sì ní kí wọ́n bẹ́ ẹ lórí. Látòósà, Ààrẹ tó ń ṣàkóso Ìbàdàn, àti ìlú dìde sí i. Bí a bá kà á bí wọ́n ṣe sábà ń kà á, ìkà obìnrin kan gba ẹ̀san, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹni mélòó ló ta ko ohun tó wà nílẹ̀ nínú eré yẹn? Ẹfúnṣetán kọ ipò tí ìlú yàn fún obìnrin tí kò lọ́mọ. Adétutù, tí kò ní nǹkan kan láyé, kọ àṣẹ ẹni tó ra òun. Ìtáwuyì kọ̀. Àṣẹ Ẹfúnṣetán fúnra rẹ̀ kì í ṣe àṣà ẹnikẹ́ni. Òfin obìnrin kan tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ni, kò ju ìloro ilé rẹ̀ lọ. Adétutù tó rú òfin ilé yẹn ṣe ohun tí àṣà gbogbo Yorùbá ń yìn: ó lóyún. Ibí ni ẹ ti máa rí i bí àwọn ọmọ ṣe máa gbé orí sókè.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka Johnson tẹ̀ lé e. Ìwé ńlá rẹ̀ tó jáde ní 1921 sọ ẹ̀sùn mẹ́ta tí Látòósà fi kan Ìyálóde ní 1874: pé kò bá òun lọ sí ogun, pé kò fi nǹkan ìjà àti oúnjẹ ránṣẹ́ nígbà tí òun wà lójú ogun, àti pé kò jáde wá pàdé òun lẹ́yìn odi láti kí òun káàbọ̀. Kò sí oyún níbẹ̀. Kò sí ẹrú tí wọ́n bẹ́ lórí. Wọ́n gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ẹrú rẹ̀ ni wọ́n sì lò láti pa á lóru nínú ilé ara rẹ̀. Ìyẹn ni pé nínú ìtàn, ohun tó kọ̀ ni láti máa fi ọrọ̀ rẹ̀ bọ́ ogun Látòósà. Mo ka Ìṣọ̀lá sí àgbà òǹkọ̀wé, eré rẹ̀ kò sì láàárọ̀ lórí ìtàgé. Síbẹ̀, kí ọmọ tó jáde ní SS2, ó yẹ kó mọ̀ pé òǹkọ̀wé ni ẹni tó ń yàn irú ẹ̀ṣẹ̀ tí yóò fún ẹni tó kọ̀, pé bí ẹ̀ṣẹ̀ bá yàtọ̀, ìdájọ́ náà á yàtọ̀. Bí ẹ bá gbé ojú ìwé méjì tàbí mẹ́ta yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ eré náà, ohun tí wọn yóò kọ́ lọ́jọ́ kan á ju ohun tí ìwé ìrànwọ́ mẹ́wàá lè kọ́ wọn lọ.

Ìwé kẹta, ẹ má kà á tán. Ìdá tó kẹ́yìn nínú Aké, ìwé tí Wọlé Ṣóyínká kọ nípa ìgbà èwe rẹ̀ ní 1981, ni mo fẹ́ kí ẹ lò, níbi tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ti dìde nítorí owó orí. Àwọn oníkaba, ìyẹn àwọn ìyàwó olùkọ́ àti ti pásítọ̀, ló kọ́kọ́ ń pàdé láti jíròrò ìtọ́jú ilé àti ọmọ. Lẹ́yìn náà ni àwọn aróṣọ, àwọn ọlọ́jà, wọlé tọ̀ wọ́n wá. Àwọn oníkaba bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn aróṣọ ní mọ̀-ọ́n-kọ mọ̀-ọ́n-kà, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó orí ti jáde, ibẹ̀ náà ló sì gbà dé iwájú ààfin. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ló ṣáájú wọn, Aláké Adémọ́lá sì fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kìíní 1949. Ìdí tí mo fi fẹ́ kí ó wà láàárín ìwé yín ni pé wọ́n pe àwọn obìnrin yẹn ní aláìmọ̀wọ̀n ara tó tàpá sí àṣà nítorí wọ́n bá ọba jà. Owó orí tí wọ́n kọ̀ ńkọ́? 1918 ni ìjọba àmúnisìn gbé e wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá tó jókòó síwájú ààfin ju àṣà tí wọ́n fẹ̀sùn kàn wọ́n pé wọ́n rú lọ lọ́jọ́ orí. Ọmọ tó ń sọ ìtàn náà kò ju ẹni tí wọ́n ń rán níṣẹ́ láàárín wọn lọ, èyí sì mú kí ó rọrùn fún ọmọ ẹgbẹ́ yín láti dúró síbi tó dúró sí.

Àwọn ìwé kan wà tí ẹ̀ẹ́ fẹ́ mú tí mo ní kí ẹ fi sílẹ̀ ná. Death and the King's Horseman, eré Ṣóyínká ti 1975, jinlẹ̀ ju gbogbo èyí tí mo ti kà sílẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀ níbẹ̀, ọmọ náà sì ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì rọrùn láti ṣì kà: Ṣóyínká fúnra rẹ̀ kọ̀wé síwájú rẹ̀ pé kí wọ́n má sọ ọ́ di ìjà àṣà òyìnbó pẹ̀lú àṣà aláwọ̀ dúdú. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún tí kò tíì ka Kúrunmí yóò kà á bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ẹ jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀. The Bride Price tí Buchi Emecheta kọ ní 1976 nípa Ìbúsà, ìlú àwọn Ìgbò kan, àwọn ọmọbìnrin máa ń fẹ́ràn rẹ̀: Aku-nna sá lọ fẹ́ Chike, tí ìran rẹ̀ jẹ́ ti ẹrú, wọn kò gba owó orí ìyàwó lórí rẹ̀, ó sì kú níbi ìkúnlẹ̀ bí èèwọ̀ ṣe sọ. Ẹni tó bá kà á kíákíá yóò ní èèwọ̀ ló borí. Ẹni tó bá fara balẹ̀ yóò rí i pé ìwé náà sọ fún wa pé ara ọmọ náà ti kéré jù, oúnjẹ kò sì tó o. Ìwé tó dára gan-an ni fún kíkọ́ bí a ṣe ń ya ohun tí ìlú gbà sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọbìnrin kan nínú ogún yẹn bá ní ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó nílé tí kò tíì lè sọ, ìwé yìí yóò gún un níbi tí ẹ kò rí. Ẹ mọ àwọn ọmọ yín kí ẹ tó mú un.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Tẹ́ẹ̀mù kan sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá. Ẹ yọ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ àti méjì ti ìdánwò, ó ku mẹ́wàá. Bí ìpàdé kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ogójì ìṣẹ́jú, ẹ kò ní lè ṣe nǹkan kan. Píríọ́dù méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ọgọ́rin ìṣẹ́jú, ló tó. Ìpàdé mẹ́rin fún Ẹfúnṣetán, ọ̀kan fún ojú ìwé Johnson, mẹ́ta fún Kúrunmí, méjì fún Aké. Ní ti Kúrunmí, ẹ bẹ olùkọ́ lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ó bá yín ṣe é, bí àkókò kò bá sì tó, ẹ mú ibi tí Kúrunmí ti kọ̀ fún ìránṣẹ́ Ọ̀yọ́ àti ibi tí ọmọ rẹ̀ ti kú, kí ẹ sọ ìyókù lẹ́nu. Ẹ̀dà mẹ́wàá ìwé kọ̀ọ̀kan tó fún ogún ọmọ, kí méjì méjì máa pín in. Ọmọ tó ń pín ìwé kì í sùn. Ẹ yẹ àwọn ẹ̀dà náà wò kí ẹ tó san owó. Èyí tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú 1974 lè wà ní àkọtọ́ àtijọ́, tí ẹ ó ti rí "aiye" àti "nwọn", ojú ìwé rẹ̀ kò sì ní bá ti tuntun dọ́gba. Bí ẹ bá da méjèèjì pọ̀, ìdajì àkókò yín ni yóò lọ sórí "ojú ìwé mélòó la wà?"

Eré ni púpọ̀ nínú wọn, torí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á sókè, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ẹni kan nínú ìtàn. Ọ̀rọ̀ kan ṣe pàtàkì níbí: ọmọ tó bá ṣe Ẹfúnṣetán ní ìran kan gbọ́dọ̀ ṣe Adétutù tàbí ẹrú mìíràn ní ìran tó tẹ̀ lé e. Ẹnu tó pàṣẹ ni kó bẹ̀bẹ̀. Tí ìran kan bá parí, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ lòdì sí àṣà tó wà nínú ìran yẹn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dìde gbè é lẹ́yìn, kó sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ tọkàntọkàn yóò ṣe sọ ọ́, títí àwọn ìyókù yóò fi gbà pé lóòótọ́, bí àgbà ilé ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Ẹ kò gbọdọ̀ fo ìgbésẹ̀ yìí. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ àárín ìmọ̀ àti àfojúdi wà: aláfojúdi kò lè sọ ohun tó ń kọ̀ ní ọ̀nà tí onítọ̀hún yóò gbà pé ti òun ni. Lẹ́yìn náà, ẹ lẹ páálí funfun kan mọ́ ògiri, kí ẹ fa ìlà sí àárín rẹ̀. Apá òsì, ẹ kọ "Ẹni tó kọ̀" sí i; apá ọ̀tún, "Ẹni tó san án". Nígbà tí ẹ bá ka ìran tí wọ́n ti bẹ́ Adétutù lórí tán, wọn yóò kọ orúkọ rẹ̀ sí apá méjèèjì. Nígbà tí ẹ bá dé Kúrunmí, orúkọ kan ni yóò wà lósì, tí ọ̀tún yóò ní ọmọ márùn-ún àti odindi ìlú. Páálí yẹn yóò bá wọn sọ̀rọ̀ ju ẹ̀yin olùkọ́ lọ. Ẹ má yọ ọ́ títí tẹ́ẹ̀mù yóò fi parí.

Nǹkan tó sábà ń ba irú ẹgbẹ́ yìí jẹ́ ni kí olùkọ́ sọ ọ́ di ìdíje àríyànjiyàn: "Ṣé Ẹfúnṣetán jẹ̀bi àbí kò jẹ̀bi?" Kíá, ọmọkùnrin yóò bọ́ sápá kan, ọmọbìnrin sápá kejì, ìwé yóò sì di ohun tí wọ́n fi ń ju òkò lu ara wọn. Òmíràn ni kí olùkọ́ sáré wá ẹ̀kọ́ inú ìtàn, kí ó kọ ọ́ sójú pátákó ní ìpàdé kejì. Ọmọ gbọ́n, bó bá ti rí ẹ̀kọ́ lójú pátákó, kò ní ka ìyókù. Ewu kẹta ni kí wọ́n máa fi òbí wọn wé ẹni inú ìwé: "Bàbá mi náà dà bíi Látòósà." Ẹ fi òfin kan lélẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ọ̀rọ̀ ẹni inú ìwé nìkan la ń sọ níbí, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ ilé kọ ọ́ sínú bébà, kó fi lé yín lọ́wọ́ níkọ̀kọ̀. Ẹ tún kìlọ̀ fún wọn ṣáájú pé Ẹfúnṣetán inú eré náà fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó kà á, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀, kí ọmọ tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí rẹ̀ lè tọ̀ yín wá.

Mi ò ní purọ́ fún yín, ìwé kíkà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí bébà kan bá sọ fún yín pé wọ́n fẹ́ mú ọmọ kan kúrò níléèwé kí wọ́n lọ fi fún ọkọ, ìpàdé ọ̀sẹ̀ kẹfà kọ́ ni ẹ ó máa dúró dè. Ẹ gbé e tọ olùdámọ̀ràn iléèwé àti àwọn òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé lọ lọ́jọ́ náà. Ìwé kò sì ní sọ ọmọ tó jẹ́ onígbọràn di alágídí, bẹ́ẹ̀ ni kò ní tún alágídí ṣe. Ohun tó lè ṣe ni pé kó fún ọmọ ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ ohun tó ń rò láìsí ariwo. Àwọn òbí kan yóò rí i bí ẹni pé ọmọ ti ń dá àgbà lóhùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Òótọ́ ni wọ́n rí, ẹ má sọ fún wọn pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní ti àwọn òbí, ẹ fi lẹ́tà ránṣẹ́ kí tẹ́ẹ̀mù tó bẹ̀rẹ̀, ní èdè Yorùbá, ojú ìwé kan péré: orúkọ ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹni tó kọ wọ́n, ohun tó wúwo tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tí ẹ ó kà á. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé òbí tí kò bá fẹ́ lè yọ ọmọ rẹ̀ láìsí ìbínú. Nígbà tó bá wá di ìpàdé keje, tí ẹ wà láàárín Kúrunmí, ẹ bẹ bàbá tó bá yín wí yẹn kó wá. Ẹ fún un ní ìran tí ẹ fẹ́ kà ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ẹ ní kó fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbẹnu sọ fún Kúrunmí níwájú àwọn ọmọ: ìdí tí Àrẹ̀mọ fi gbọ́dọ̀ bá ọba lọ, àti ohun tí yóò bàjẹ́ bí a bá yí i padà. Ẹ fún un ní àga, ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán kí ọmọ kankan tó nàwọ́. Lẹ́yìn náà, kó dúró gba ìbéèrè wọn.